Láípéèsì ga, wọ́n ní ẹ̀dọ̀ ni: ohun tí ojú mi rí

Ẹ kú ìnira o. Ẹ ní láípéèsì, èròjà tó ń tú ọ̀rá, fi ìlọ́po méjì ga ju bó ṣe yẹ lọ nínú ẹ̀jẹ̀ yín, dókítà ní ẹ̀dọ̀ ni, ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Èyí tí wọ́n wọ̀n yẹn, pancreas ló ń ṣe é, ẹ̀yà ara tó sùn sẹ́yìn àpòlúkù. Kíndìnrín ló ń kó o kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n yẹ kíndìnrín náà wò.

"Ẹ̀dọ̀ ni" yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Inú rírun tèmi bẹ̀rẹ̀ lókè ìdodo, ó gún un lọ sẹ́yìn bí ìgbà tí wọ́n ń ki irin gbígbóná bọ̀ mí lára. Mi ò lè nà gbalaja, àfi kí n tẹ̀ síwájú kí n gbá ìrọ̀rí mọ́ra. Dókítà àkọ́kọ́ ní ọgbẹ́ inú ni. Èkejì ní ẹ̀dọ̀ ni. Ó yẹ ẹ̀dọ̀ wò, kò rí nǹkan kan, ó yẹ amylase wò, èròjà pancreas mìíràn tó ń tú sítáàṣì, ó ní kò ga, ó ní kí n máa lọ sílé. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń bì, omi lásán ò dúró nínú mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bí ọ̀rá bá pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè da àyẹ̀wò amylase rú, kó parọ́ pé àlàáfíà ni. Ọmọbìnrin tó fa ẹ̀jẹ̀ mi níbòmíràn ló gbé ìgò kékeré náà sókè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ẹ̀jẹ̀ yín." Ó funfun bíi wàrà! Triglyceride mi, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, lé ní 3,000 mg/dL. Bó bá ti kọjá 1,000, pancreas wà nínú ewu.

Ibi tí ẹ̀dọ̀ ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Láípéèsì mìíràn wà, lipoprotein lipase, tó so mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́, tó ń tú ọ̀rá tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri. Ẹ̀dọ̀ ló ń rán purotéènì kan tó ń jẹ́ apoC-II jáde láti ta á jí, òun kan náà ló ń rán òmíràn, ANGPTL3, jáde láti dè é lọ́wọ́. Wọ́n gún mi ní heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Heparin a máa já lipoprotein lipase kúrò lára ògiri sínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá mi sì wálẹ̀, gbogbo wọn ń yọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti já, ẹ̀dọ̀ ló ń gbé e mì tó ń fọ́ ọ túútúú. Ìgbà tí ara ògiri ṣófo, ọ̀rá tún gòkè padà. Mo béèrè ìdí, wọ́n ní kí n yé ka íntánẹ́ẹ̀tì. Ínsúlíìnì àti àìjẹun ló padà kó mi yọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta oògùn ìfọ-ẹ̀dọ̀ fún yín o. Ọtí, ẹ jáwọ́. Àtọ̀gbẹ tí wọn ò tọ́jú a máa ti triglyceride sókè, oògùn tó ní estrogen, hòmóònù obìnrin, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òkúta inú òróòro tún wà: ó lè dí ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀dọ̀ àti pancreas jọ ń lò, kí èsì àwọn méjèèjì ga pọ̀. Bóyá ohun tí dókítà yín rí nìyẹn, tí kò ráyè ṣàlàyé. Ẹ gbààwẹ̀ kẹ́ ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀, ẹ ya àwòrán inú, ẹ mọ ìyókù.

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti fẹ́ gbàgbé ìbéèrè yín. Ìlọ́po méjì nìkan ò tó láti sọ pé pancreas wú. Ìlọ́po mẹ́ta pẹ̀lú inú rírun ni wọ́n ń wò, tàbí kí àwòrán fi hàn. Ẹ ò sì sọ bóyá inú ń run yín. Ṣé ó ń gba ẹ̀yìn?