Ìbéèrè Òǹkàwé: Ọdún Wo ni Wọ́n Kọ́ Mọ́sálásí Ferhadija?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kà níbì kan pé ọdún 1579 ni wọ́n kọ́ mọ́sálásí Ferhadija ní ìlú Banja Luka, lórílẹ̀-èdè Bosnia. Níbòmíràn, wọ́n ní ọdún 2016 ni wọ́n ṣí i. Èwo ló jóòótọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn: Méjèèjì ló jóòótọ́, nítorí wọ́n ti wó ilé náà lulẹ̀ rí, wọ́n sì tún un kọ́.

Ferhad-paša Sokolović, tó ń ṣàkóso Bosnia fún Ìjọba Ottoman (ìjọba àwọn Tọ́kì ayé àtijọ́), ló kọ́ mọ́sálásí àkọ́kọ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé owó ìràpadà ló fi kọ́ ọ. Ní ọdún 1575, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pa Herbard von Auersperg, ọ̀gágun ìjọba Habsburg (ìdílé ọba tó ń ṣàkóso Austria), wọ́n sì mú ọmọ rẹ̀ lẹ́rú ogun, títí àwọn ẹbí fi san owó ńlá láti gbà á padà.

Ilé náà la ogun àgbáyé méjèèjì já. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ keje oṣù Karùn-ún, ọdún 1993, nígbà tí ogun ń lọ ní Bosnia, tí ìlú náà sì wà lábẹ́ àṣẹ àwọn ẹ̀yà Serb, wọ́n fi ohun abúgbàù fọ́ ọ túútúú. Òru náà gan-an ni wọ́n fọ́ mọ́sálásí Arnaudija tó wà nítòsí. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù lọ ni pé kò sí ogun kankan tí wọ́n ń jà nínú ìlú náà, síbẹ̀ gbogbo mọ́sálásí mẹ́rìndínlógún tó wà níbẹ̀ ni wọ́n bàjẹ́, wọ́n sì kó òkúta Ferhadija lọ dà sórí àkìtàn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìpìlẹ̀ tuntun lélẹ̀ ní ọdún 2001, àwọn jàǹdùkú kọlu àwọn tó péjọ, èèyàn kan sì kú. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣẹ́ lọ ń ṣa òkúta àtijọ́ lórí àkìtàn, tí wọ́n ń fi àwòrán àti ìwọ̀n ilé ti tẹ́lẹ̀ wá ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, wọ́n sì gbẹ́ òkúta tuntun dípò èyí tó ti sọnù.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ibẹ̀ lónìí, ilé tuntun lẹ máa rí, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ keje oṣù Karùn-ún, ọdún 2016, ọdún kẹtàlélógún gééré lẹ́yìn ìwólulẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n lára òkúta tó wà nínú ògiri rẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ìgbà Ferhad-paša.