Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Rhodes Tó Ń Dún Bí Agogo

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Rhodes Stage 73 kan, ìyẹn dùùrù oníná, wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àárín rẹ̀ ń dún tín-ín-rín bí agogo. Lápá ohùn ìsàlẹ̀, kíì méjì ń dún "kà" bí a bá tẹ̀ wọ́n gidi. Ṣé ká ra òòlù tuntun sí i ni?
Olórin ṣọ́ọ̀ṣì, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Òòlù Rhodes ń lu irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní tine. Orí tine ń mì níwájú pickup, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi wáyà bàbà wé. Bí tine bá dojú kọ àárín gbùngbùn pickup, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò kọjá níbẹ̀ nínú mímì kan ṣoṣo. Ohùn òkè rẹ̀ lẹ ó máa gbọ́, ohùn rẹ̀ gan-an á pòórá. Ohun tó ń ṣe tiyín nìyẹn.

Ìdè méjì ló di irin ńlá tó wà lókè tine mú. Ẹ wo èyí tó ń gbé orí tine sókè tàbí sísàlẹ̀ jù, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, ìdámẹ́rin ìyípo lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì máa tẹ kíì náà. Kí orí tine ga díẹ̀ ju àárín pickup lọ, ohùn á kún. Bó bá ti ga jù, á tún rẹlẹ̀. Etí ni kẹ́ ẹ gbọ́kàn lé, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n: ẹ ṣe kíì kan dáadáa, kẹ́ ẹ mú àwọn tó kù bá a mu.

"Kà" yẹn, tine ló ń gbá pickup, torí tine ohùn ìsàlẹ̀ máa ń mì gbòòrò. Ẹ tú ìdè pickup díẹ̀, ẹ fà á sẹ́yìn. Àlàfo mìlímítà kan àbọ̀ láàárín tine àti pickup tó fún kíì àárín. Ìsàlẹ̀ ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má fà á jìnnà jù o, ohùn tó ń bú díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gidi ló jẹ́ ká fẹ́ràn Rhodes.

Ọ̀rinrin ọ̀sà Àjàṣẹ́ máa ń mú kí tine dípata. Ẹ má fi sáńdípépà ha á, ẹ má da òróró sí i: bí irin bá fẹ́lẹ́, ohùn á yà. Sípíríìnì kékeré orí tine la fi ń tún ohùn ṣe. Bẹ́ ẹ bá tì í lọ sí ṣóńṣó, ohùn á wálẹ̀.

Rhodes Suitcase kan, irú èyí tó ní amplifier (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè) tirẹ̀ nínú àpótí, ń bọ̀ fún mi láti Amẹ́ríkà. Ṣé ó lè gba iná wa?
Òǹkàwé, Kétu

Rárá. Iná 120 fóòtì ni wọ́n ṣe é fún, 220 sì ni tiwa. Bẹ́ ẹ bá kì í bọ iná bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ inú àpótí rẹ̀ á jó. Ẹ wá tíráńsífọ́mà tó ń sọ 220 di 110, tó sì lè gbé ó kéré tán 300 wáàtì. Stage kò nílò èyí, kò gba iná rárá, wáyà kan sí amplifier ti tó o.