Pé eku kò kú kò ní kí ẹ fi í sí ẹ̀wà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ẹ̀wà ni mo ń tà ní Ọjà Ọba níbí ní Òṣogbo. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní wọ́n fín oògùn apakòkòrò sínú àgò eku ní láàbù wọn, eku ò sì kú. Èló ni kí n fi sí àpò ẹ̀wà kan tí kò fi ní pa èèyàn lára? Ṣé lóòótọ́ ni epo pupa ń pa agbára rẹ̀? (Ìyá Ẹlẹ́wà, Òkè Fìà)

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ọrọ̀ ajé. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n tètè dáhùn: kò sí èló kankan. DDVP, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré o, òtapíápíá tí wọ́n ń dà mọ́ kẹrosíìnì o, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ fara kan oúnjẹ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ eku yẹn gan-an ni mo fẹ́ jókòó tì, torí òun ló ń tan èèyàn jẹ. Ta ló sọ fún yín pé tìtorí ká lè mọ̀ bóyá á kú la ṣe ń fún eku lóògùn? Ìyẹn náà wà o. Láti 1927 tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Trevan ti gbé e kalẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ti ń wá ìwọ̀n májèlé tó ń pa ìdajì àwọn eku tí a bá fún. Ti DDVP, bí eku bá gbé e mì, tó mílígíráàmù 50 sí 80 fún kílò kan ìwúwo ara rẹ̀. Kékeré nìyẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kà á mọ́ àwọn tó léwu gan-an. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìwọ̀n yẹn la ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ láàbù. Ńṣe la mọ̀ọ́mọ̀ ń fún eku ní èyí tí kò ní pa á, torí eku tó kú lọ́jọ́ kìíní kò lè fi ohun tí oògùn ń ṣe fún ẹ̀dọ̀ lẹ́yìn oṣù kan hàn wá. Eku ọmọ yín kò kú torí pé wọn ò fẹ́ kó kú.

Kó wá lọ wo inú àgò náà dáadáa. Eku tó ti ń gba DDVP lè máa jẹun lọ, àmọ́ irun rẹ̀ á rí wúruwùru, torí kò fẹnu tún un ṣe mọ́. Itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, omi pupa á sì máa jáde lójú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ẹ̀jẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹṣẹ́ (gland) kan tó wà lẹ́yìn ojú eku ló ń tú àwọ̀ yẹn jáde. Ohun tó fà á ni pé oògùn yìí ń de acetylcholinesterase lọ́wọ́, èròjà tó ń pa iṣan lẹ́nu mọ́ lẹ́yìn tó bá ti jíṣẹ́ ọpọlọ tán. Bí kò bá ráyè ṣiṣẹ́, iṣan á máa ké ṣáá bíi fèrè ọkọ̀ tó há. Eku tí ara rẹ̀ dá ṣáká lójú pàápàá, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ lè rí i pé èròjà náà ti lọ sílẹ̀. Bí a bá sì là á, a máa ń bá ìpalára lára ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, àtọ̀ akọ náà a sì máa dín kù.

Yàtọ̀ síyẹn, eku kì í ṣe èèyàn. Èròjà kan tó ń jẹ́ carboxylesterase pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ eku, òun ló ń gba irú májèlé yìí mọ́ra kó tó délé. Ẹ̀jẹ̀ tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní in rárá. Nítorí irú ìyàtọ̀ báyìí, ìwọ̀n tí kò ṣe eku ní ohunkóhun, a ṣì máa ń pín in sí ọ̀nà 100 ká tó dárúkọ èèyàn sí i.

Lọ́dún 2015, Yúróòpù tilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà nítorí DDVP yìí náà. Mílígíráàmù 0.01 fún kílò kan ni ààlà tiwọn, ẹ̀wà wa sì ní láti 0.03 dé 4.6. NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ lọ́dún 2019. Ẹ ṣì ń rí i lórí àtẹ, mo mọ̀.

Epo pupa? Rárá, wàrà náà kọ́. DDVP ń yòrò nínú ọ̀rá, epo ò sì pa á. Bí ẹ bá wá ń fipá ro ó sí ẹni tó ti ń dákú lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Abẹ́rẹ́ atropine ló ń bá a jà, ọwọ́ dókítà ilé ìwòsàn ló sì wà. Onímọ̀ májèlé ni èmi, mi ò lè tọ́jú aláìsàn láti orí ìwé. Ẹni tó bá gbé e mì, tàbí tó fà á símú tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí mímí ń nira fún, ẹ sáré gbé e lọ sí UNIOSUN Teaching Hospital tàbí Asubiaro, ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání.

Ẹ̀wà yín ńkọ́? Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, kí ẹ rọ ọ́ sínú àpò PICS, èyí tó ní ọ̀rá méjì nínú. Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó le pinpin. Kòkòrò tó wà níbẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ tó kù tán, á sì kú. Ẹ má máa tú u wò lójoojúmọ́ o! Bí ẹ ò bá rí àpò yìí rà, ẹ wá kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, tó gbẹ, kí ẹ rọ ẹ̀wà kún un dé ọrùn, kí ẹ dé e pa.

Èyí tí ẹ ti fi DDVP sí tẹ́lẹ̀, ẹ má tà á, ẹ má sì fi bọ́ adìyẹ. Fífọ̀ àti síse ń dín in kù, ṣùgbọ́n mi ò lè bá yín búra pé ó ń tán.