Ẹ BI WÁ: Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àdúgbò wa ní Ifẹ̀, ibo ló yẹ ká kọ́kọ́ fà á dé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń tún ṣe ní Lagere, Ilé-Ifẹ̀. Lọ́dún tó kọjá àdúgbò wa dáwó, a da kọnkéré sórí gọ́tà títí dé ìdí igi máńgòrò kan, àwọn ọmọ iléèwé ò bá ọ̀kadà du títì mọ́. Ní báyìí a fẹ́ fà á dé géètì yunifásítì. Àwọn kan ní ká kọ́kọ́ ṣe ibi tó tẹ́jú tí ò ní wàhálà, èmi ní rárá. Ọmọ mi tó wà l'Atlanta, l'Amẹ́ríkà, fi fídíò BeltLine, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tiwọn, ránṣẹ́, ó wù mí gan-an. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é, kí ni kí n sọ ní mítìn?

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ kú làálàá àdúgbò o. Ojú irin àtijọ́ tó yí ìgboro Atlanta ká ni wọ́n ń sọ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́ yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Ryan Gravel nígbà tó kọ èrò náà sílẹ̀ ní Georgia Tech lọ́dún 1999. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ bíi kìlómítà 35, wọn ò sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, 2012 ni wọ́n ṣí apá kan níhà ìlà oòrùn, ó di 2017 kí wọ́n tó ṣí ti ìwọ̀ oòrùn. Ẹsẹ̀ bàtà 14 ni fífẹ̀ ẹ̀, ẹni tó ń rìn àtẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ á lè kọjá lára ara wọn.

Gọ́tà la ní ní tiwa, ó sì ṣeé lò, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da kọnkéré bò ó pa mọ́, torí tí òjò bá dé tí pàǹtí dí i, ẹ̀yin náà lẹ máa padà wá fọ́ ọ. Sílábù kéékèèké ni kẹ́ ẹ ṣe, èyí tí ọkùnrin méjì lè gbé, kẹ́ ẹ fi irin méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n á máa fi ìkọ́ fà.

Lórí ìjà mítìn yẹn, ẹ̀yin lẹ jàre. Ibi tí ìyá ti ń di ọmọ ẹ̀ lápá mú tí ò lè sọdá, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ná owó sí. Tí ọ̀nà bá dùn títí tó wá já síbi tí korópe ti ń sáré, kò sóbìí tó máa jẹ́ kọ́mọ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbi tẹ́ ẹ bá ti kan títì Ìbàdàn sí Iléṣà, ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, ìjọba ìbílẹ̀ nìkan ò lè fọwọ́ sí i fún yín, ẹ tètè kọ̀wé.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ jókòó níbi tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, láti aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ dé mẹ́jọ, lọ́jọ́ ọjà àti lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjà, kẹ́ ẹ máa fa igi sínú ìwé: ẹlẹ́sẹ̀, kẹ̀kẹ́, ọmọ iléèwé. Ẹ tún wo òkè o! Ìyá tó ru agbada ẹ̀wà, pátákó ṣọ́ọ̀bù tó rẹlẹ̀ lè dà á nù. Àwọn tó ń ta tòmátò létí ibẹ̀ ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá lé wọn láàárọ̀, wọ́n á ti padà kó tó di ọ̀sán, ẹ ya àyè sọ́tọ̀ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ bá wọn sọ ọ́ nísinsìnyí kí sìmẹ́ǹtì tó dé.

Ohun kan tún ń dùn mí nípa ti Atlanta. Owó ilé gbówó lórí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yẹn, débi pé lọ́dún 2016 Gravel fúnra ẹ̀ kúrò nínú ìgbìmọ̀ àjọ tó ń kówó jọ fún un, torí ọ̀rọ̀ ilé tí mẹ̀kúnnù lè gbà. Ẹ jẹ́ káwọn lándílọ́ọ̀dù yín tó wà ní mítìn gbọ́ ìyẹn, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá ayálégbé tó dáwó sílábù máa ṣì wà níbẹ̀ láti rìn lórí ẹ̀.