Kí ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ fi òṣùpá ṣe lórí òkun?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán, sà. Ọmọ mi ọkùnrin ti rí àyè wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òkun ní Oron. Láti ìgbà náà, alaalẹ́ ló ń jókòó síta, tó ń wo òṣùpá àti ìràwọ̀. Ó ní ara ẹ̀kọ́ òun ni. Bàbá rẹ̀ ní fóònù ń júwe ọ̀nà fún gbogbo ayé, pé kí lèèyàn sì lè rí kọ́ nípa òkun ní Ògbómọ̀ṣọ́? Ṣé ká jẹ́ kó máa wò ó, àbí ká ní kó lọ kàwé? Ìyá Káyọ̀dé, Sábó.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ jẹ́ kó máa wò ó. Ìwé ló ń kà yẹn.

Òṣùpá ló ń fa omi òkun, oòrùn ń ràn án lọ́wọ́. Ní etíkun wa, omi ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì. Nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ló wà láàárín ìkún kan àti èkejì. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tó di àrànmọ́jú, omi á kún kọjá bó ṣe ń kún tẹ́lẹ̀, á sì fà kọjá bó ṣe ń fà. Tó bá jẹ́ ààbọ̀ òṣùpá là ń rí, ìyàtọ̀ á kéré. L'Ékòó, ìyàtọ̀ náà kò ju bíi mítà kan lọ. Ní Bonny ó jù bẹ́ẹ̀. Mítà kan lè má jọ nǹkan kan létí ará Sábó, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tẹ́rù kún inú rẹ̀ bámúbámú, tí ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, mítà kan yẹn ló ń pinnu bóyá yóò wọlé lónìí tàbí yóò sùn sójú òkun. Kí wọ́n tó fi òkúta mọ odi sẹ́nu òkun Èkó, yanrìn ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé; Forcados, ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní, ni wọ́n ti ń já ẹrù Èkó sínú ọkọ̀ kékeré.

Kí Káyọ̀dé máa kọ àkókò tí òṣùpá ń yọ sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ìkún omi ń ṣe. Èyí kò gba kéèyàn rí òkun.

Ìràwọ̀ ńkọ́? Kó kọjú sí ọ̀nà Ìlọrin, kó wá yà díẹ̀ sọ́wọ́ òsì: àríwá nìyẹn. Ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Polaris wà níbẹ̀, nísàlẹ̀ gan-an, bíi dìgíríì 8 sókè ilẹ̀. Bó bá na apá tó sì di ìkúùkù, kò tó gíga ìkúùkù náà. Bó bá dé Oron, yóò ti wálẹ̀ sí bíi 5. Bí ìràwọ̀ yẹn ṣe ga tó ni a fi ń mọ bí a ṣe jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé.

Àwọn àgbà ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni, àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Lójú tiwa atukọ̀, ọ̀gá ni. Ó máa ń hàn nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú tán, tí a ṣì ń rí ibi tí òkun ti pàdé ọ̀run. Àárín àkókò kékeré yẹn la ti ń fi sextant wọn gíga ìràwọ̀.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ kì í ṣe irọ́, GPS, ẹ̀rọ tó ń fi àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì mọ ibi tí èèyàn wà, ni gbogbo ọkọ̀ ń lò. Ṣùgbọ́n èèyàn lè ba iṣẹ́ GPS náà jẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Lọ́dún 2017, lórí Òkun Dúdú (Black Sea), ẹ̀rọ inú àwọn ọkọ̀ kan ń sọ fún wọn pé pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n wà. Ẹni tó mọ ìràwọ̀ kò ní gbà á gbọ́.

Tí ọyẹ́ bá dé, eruku á bo Polaris. Kó dúró dìgbà tí òjò bá fọ ojú ọ̀run. Ẹ má ra sextant fún un báyìí, ó wọ́n. Aago ọwọ́ tó péye ni kẹ́ ẹ rà, torí ayé ń yí, àkókò la sì fi ń mọ bí a ṣe wà sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn tó; lágbègbè wa, aago tó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá 4 péré ṣìnà lè mú kí ìṣirò ẹni fi nǹkan bíi mítà 1,852 jìnnà síbi tó yẹ kó wà.