Ànàmọ́ tó ń korò: oje, èèpo àti ilẹ̀ tó sán

Ẹ̀yin tí ẹ bèèrè láti Iléṣà pé kí ló dé tí ànàmọ́ yín fi ń korò, tó tún ní ihò wínníwínní, kòkòrò dúdú kékeré alẹ́nu gígùn yẹn ló wọ̀ ọ́, èyí tó jọ èèrà. Ìkorò náà, ànàmọ́ fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Bí ìdin kòkòrò náà bá ti ń jẹ inú rẹ̀, ànàmọ́ á yọ oró sí ibi tó bàjẹ́. Síse kì í mú un kúrò tán. Ẹ má sì kó o fún màlúù, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́.

Ṣùgbọ́n oró yẹn ti pẹ́ jù, ìdin ti wà nínú ilé. Oje funfun inú ìtàkùn, tí kòkòrò kì í fẹ́, ni kí ẹ gbójú lé. Ẹ ṣẹ́ ìtàkùn kan wò: lórí níbi tó ṣì tutù, oje á máa sun, nídìí tó ti gbó, kò tó nǹkan. Ìdí ìtàkùn yẹn ni kòkòrò ń yé ẹyin sí. Nítorí náà, orí ìtàkùn nìkan ni kí ẹ gé gbìn, 25 sí 30 sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tó ń gbin ìdí nítorí pé ó le, ẹyin kòkòrò ló ń gbìn.

Ní Uganda, ẹ̀yà kan wà tí wọ́n ń pè ní New Kawogo. Èròjà kan lára èèpo ọmọ rẹ̀ kì í jẹ́ kí kòkòrò gbádùn rẹ̀. Ó ń dín in kù ni o, kì í lé e tán.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nìyí: kòkòrò yìí kò lè gbẹ́lẹ̀. Ojú ibi tí ilẹ̀ bá ti sán ló ń gbà, ilẹ̀ pupa alámọ̀ wa níhìn-ín sì máa ń sán tí òjò bá ti lọ. Ẹ̀yà tí ọmọ rẹ̀ jìn sínú ebè sàn ju èyí tó ń yọ èjìká síta. Ẹ kó ilẹ̀ bo ìdí rẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹrin, ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ kẹjọ, kí ẹ fi koríko gbígbẹ bo ebè. Tó bá ti pé oṣù mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin, ẹ wà á. Ẹni tó fi sílẹ̀ di ọ̀gbẹlẹ̀ nítorí kí owó ọjà lè gun, kòkòrò ni wọ́n jọ máa pín in.

Omi ewé dóńgóyárò tí ẹ ń wọ́n sórí ewé kò lè dé ọ̀dọ̀ ìdin tó wà nínú ọmọ. Èyí tó bàjẹ́ lóko, ẹ kó o jáde kí ẹ sun ún, kí ẹ sì gbin àgbàdo síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.