Ọrùn Ríro, Àtàǹpàkò Títa àti Fóònù: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

Lẹ́tà mẹ́ta la mú lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn pàdé síbì kan: ohun tí wákàtí tí à ń lò lórí ìkànnì ayélujára ń fi ara wa ṣe, àti ibi tí físíòtẹ́rápì (físíò), ìyẹn ìtọ́jú tó ń fi eré ìdárayá àti ọwọ́ tún iṣan àti oríkèé ṣe, ti lè ranni lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Aṣọ àǹkàrá àti léèsì ni mo ń tà, orí WhatsApp àti Instagram sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ti ń bá mi rajà. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ẹ̀yìn ọrùn mi ti ń ro mí, tó sì ń gùn mí dé èjìká, pàápàá lálẹ́. Ní báyìí, ìdí àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi náà ń ta mí débi pé n kò lè fún aṣọ tí mo bá fọ̀ mọ́. Mo ti fi róòbù pa á, mo ti lo oògùn ara ríro, kò lọ. Ọmọ mi ní fóònù ló fà á. Ṣé kí n pa ọjà tì ni? — Oníṣòwò aṣọ, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ má pa ọjà yín tì, ìyá wa. Ọmọ yín kò parọ́, àmọ́ kì í ṣe fóònù fúnra rẹ̀ ló ń ṣe yín bí kò ṣe bí ara ṣe ń pẹ́ lójú kan náà nídìí rẹ̀.

Ní ọdún 2014, oníṣẹ́ abẹ eegun ẹ̀yìn kan ní Amẹ́ríkà, Kenneth Hansraj, fi kọ̀ǹpútà ṣírò ẹrù tó ń bọ́ sórí eegun ọrùn. Tí orí bá dúró ṣánṣán, nǹkan bíi kílò 5 ni. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ síwájú ní dígírì 15, ó di kílò 12. Tó bá sì dé dígírì 60, bíi ti ẹni tó gbé fóònù lé itan tó tẹjú mọ́ ọn, ó di kílò 27, èyí tó ju ìdajì àpò sìmẹ́ńtì kan lọ. Ìṣirò yìí ti kó jìnnìjìnnì bá ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n èmi kì í fi dẹ́rù ba aláìsàn, nítorí orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe lára ènìyàn alààyè. Nígbà tí àwọn olùwádìí ní Brazil wo àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 18 sí 21, nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2018, wọn kò rí i pé àwọn tó ń tẹ ọrùn nídìí fóònù ní ìrora ju àwọn yòókù lọ. Títẹ orí ba kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Ọrùn tí a dá kó máa yí, tí a wá fi sójú kan fún wákàtí méjì láìsinmi, ni yóò ṣàròyé, torí pé iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ tó di orí mú kò ráyè dẹ̀.

Nítorí náà, bí ìṣẹ́jú 30 bá ti pé, ẹ dìde, ẹ rìn díẹ̀, ẹ yí èjìká. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó kí ẹ̀yìn yín dúró, ẹ wo iwájú, kí ẹ fa àgbọ̀n sẹ́yìn gbọọrọ láì gbé e sókè, láì tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ kà á dé 5, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Róòbù kò burú, ó ń jẹ́ kí ibẹ̀ móoru, àmọ́ kò lè fún iṣan lágbára.

Ti àtàǹpàkò yàtọ̀. Okùn iṣan méjì tó ń gbé àtàǹpàkò gba inú ihò tóóró kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọwọ́. Bí àtàǹpàkò bá ń tẹ ọ̀rọ̀, tó sì ń yí àwòrán sókè láti àárọ̀ dalẹ́, awọ tó bo okùn náà lè nípọn, ọ̀nà á wá fún mọ́ ọn, á sì máa ta ni nígbàkígbà tó bá ń yọ́ kọjá. Àìsàn yìí ti wà tipẹ́ kí fóònù alágbèéká tó dé: ọdún 1895 ni Fritz de Quervain, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Switzerland, ti ṣàlàyé rẹ̀, àwọn abiyamọ tó ń gbé ọmọ jòjòló sókè sódò sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ ká àtàǹpàkò sínú àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ìka yòókù bò ó, kí ẹ rọra tẹ ọrùn ọwọ́ sí ìhà ọmọńdinrín. Bí ó bá ta yín gan-an ní ìdí àtàǹpàkò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni. Onífísíò lè bá yín de àtàǹpàkò náà fún ìgbà díẹ̀ kó lè sinmi, kó sì kọ́ yín ní eré ìdárayá tí yóò dá agbára rẹ̀ padà. Kó tó di ìgbà náà, ẹ máa fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà dípò títẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbé fóònù sórí tábìlì, kí ẹ sì máa fi ìka mìíràn tẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, kì í gbé fóònù sílẹ̀ títí di aago 1 òru nítorí fídíò TikTok. Láàárọ̀, orí á máa fọ́ ọ, ọrùn á le. Ṣé físíò ló nílò? — Bàbá kan, Òṣogbo

Ìdáhùn: Oorun ló kọ́kọ́ nílò, bàbá. Ìmọ́lẹ̀ fóònù ń dín èròjà tí ọpọlọ fi ń pe oorun kù, ìrora kékeré sì máa ń ga lára ẹni tí kò sùn tó. Ẹ jẹ́ kí fóònù gbogbo ilé, títí kan tiyín, máa wà nídìí chárjà ní pálọ̀ lóru. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣe eré tó ń mú èémí yára fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Ijó TikTok wà nínú rẹ̀, tó bá jẹ́ pé òun ló ń jó o.

Ìbéèrè: Mo rí fídíò kan lórí Facebook tí ọkùnrin kan di orí aláìsàn mú, tó yí i lójijì, tí ọrùn dún gbàmù. Aláìsàn náà rẹ́rìn-ín, ó ní ara òun ti fúyẹ́. Ẹnìkan ládùúgbò wa ti ń ṣe irú rẹ̀. Ṣé físíò náà nìyẹn? — Awakọ̀, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan ọrùn yín o. Dídún yẹn kò fi hàn pé eegun kankan padà sípò. Afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ló ń dún. Ẹ̀gbẹ́ eegun ọrùn ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọpọlọ gbà, yíyí òjijì sì lè fà á ya. Kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ lè tẹ̀ lé e.

Onífísíò á kọ́kọ́ bi yín léèrè ìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀ àti iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, á wo bí ọrùn ṣe ń yí, á dán agbára apá wò, kó tó fọwọ́ kan ibi tó ń dùn. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń fún wọn níwèé àṣẹ sì wà láti 1988, nítorí náà ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè ìwé náà. Ẹ lè rí wọn ní UCH Ìbàdàn, ní ilé ìwòsàn eegun Igbobi l'Ékòó àti ní ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà n'Ífẹ̀.

Bí apá bá ń kú tipiri, bí ọwọ́ bá ń ju nǹkan sílẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, bí ibà bá bá ọrùn líle dé, tàbí tí ẹ kò bá lè ṣàkóso ìtọ̀ mọ́, ẹ má dúró de físíò. Ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.